Àwòrán Tó Kéré ju Èékánná Lọ

Mi ò kúnlẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ìjọ ní kí n kúnlẹ̀, ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n kúnlẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ gbé tìmùtìmù sílẹ̀ dè mí níwájú ìjọ kí orúnkún má baà dùn mí. Mi ò kúnlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà náà, ẹ̀rù ṣì ń bà mí báyìí tí mo ń kọ ọ́, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì wà láàyè ní Ìjẹ̀bú-Òde, a sì ń pàdé lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, títí kan ìjọ wa.

Ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà ni ìwé mi dúró sí. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnì àti sípù ni mò ń tà ní ìsọ̀ kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjagun. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń gbé ohùn sókè. Bí ènìyàn méjì bá ń jà níwájú ìsọ̀ mi, màá ti ilẹ̀kùn dé ìdajì, màá sì máa yọjú wò wọ́n láti inú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi, mo ní iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ràn ju ọjà títà lọ. Adènà ni mí. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gálárì.

Gálárì yẹn ni ìjókòó pákó tí àwọn baba ìjọ kàn sókè, lórí ẹnu ilẹ̀kùn ńlá, tó dojú kọ pẹpẹ. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin ń jókòó sí, àwọn ọmọdé níwájú, àwọn àgbà lẹ́yìn. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀. Òun náà pákó ni, wọ́n sì fi pákó gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ kò lè rí i. Ilẹ̀kùn tóóró kan wà lókè àtẹ̀gùn náà, ní igun gálárì. Èyíinì hàn láti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi máa ń dúró sí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbójú sókè, èmi ni yóò rí nínú ilẹ̀kùn, kò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn mi.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Ìyá Akọrin ni gbogbo wa ń pè é. Ohùn rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n kò tíì ya. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń gbé ní Amẹ́ríkà, ó sì wá sílé ní àsìkò ìkórè ọdún kan, nígbà tí àwọn ọdún 1980 ti ń lọ sópin. Kámẹ́rà fídíò kan ló gbé wá.

Fídíò kì í ṣe nǹkan tuntun fún wa nígbà náà. Àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń yá ènìyàn ní fíìmù ti wà káàkiri ìlú. Ṣùgbọ́n fídíò tí àwa mọ̀ jẹ́ nǹkan ńlá. Ẹ̀rọ rẹ̀ wúwo bí àpótí, tẹlifíṣọ̀n sì gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Àwọn tó ń ya fídíò níbi ìgbéyàwó máa ń gbé kámẹ́rà lé èjìká bí ẹni gbé ìdì ewé. Ti ọmọ Ìyá Akọrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé e lọ́wọ́ kan bí ẹni gbé búrẹ́dì. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ju ti orin lọ, kò sì sí ẹ̀rọ kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó lè gbà á sínú. Ó ní kò sí wàhálà. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀, ó ní, ni pé bí òun bá ti ya nǹkan tán, òun lè wò ó nínú kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀. Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà dúdú yí ká. Ojú kan ni ènìyàn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì dijú kejì.

Mo wò ó ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìkórè, nígbà tí ó wá fi han ìyá rẹ̀ níbi ìdánrawò orin. Ìyá Akọrin lẹ ojú mọ́ ihò náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé èmi rèé? Háà! Ìwọ ọmọ yìí, mo rán ọ lọ sí Amẹ́ríkà, o wá sọ mí di èèrà!"

Lẹ́yìn náà ló ní kí èmi náà wò ó. Àwòrán tó wà nínú ihò náà kéré ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Kò ní àwọ̀. Eérú lásán ni, dúdú, funfun, àti ohun tó wà láàárín méjèèjì. Bí ènìyàn bá mí, àwòrán á sá. Mo mọ̀ pé Ìyá Akọrin ni mò ń wò nítorí pé ó dúró tì mí tó ń sọ fún mi pé òun ni. Bí kò bá sọ ọ́, mi ò bá tí mọ̀. Ohùn kò sí níbẹ̀ àfi bí ènìyàn bá ki nǹkan kékeré kan bọ etí, wáyà rẹ̀ yóò sì wọnú kámẹ́rà.

Ní ọjọ́ ìkórè, ọmọ rẹ̀ dúró sí àárín ìjọ nísàlẹ̀, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó ń yà wá. Orin kejì ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí igi ké lábẹ́ wa. Ẹnìkan pariwo pé gálárì ń wó. Àwọn ọmọdé dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi yíjú padà láti ṣáájú wọn sọ̀ kalẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ mi kò sì bá ohunkóhun. Àtẹ̀gùn ń lọ lábẹ́ mi. Mo gbọ́ gbìràmù tí ó fi dé ilẹ̀, eruku sì bò mí. Férémù ilẹ̀kùn ni mo dì mú. Èjìká mi kan yẹ̀ nínú rẹ̀, títí di òní kì í gbé garawa omi. Bí mo ṣe fi orúnkún wọ́ ara mi padà sínú gálárì, mi ò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo dìde, gbogbo wọn ló ń bọ̀ lórí mi.

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì, mo fi dí ilẹ̀kùn. Mo pariwo. Ẹnu Ìjẹ̀bú ògidì ni mo fi pariwo, ṣùgbọ́n Yorùbá ìwé ni mo fi kọ ọ́ síbí: "Ẹ má wá o! Àtẹ̀gùn ti lọ! Kò sí nǹkan kan níbí!"

Ìyá Akọrin ló sún mọ́ mi jù. Ó wo ojú mi. Kò bèèrè ohunkóhun. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó kọjú sí àwọn ọmọdé, òun náà na ọwọ́, ó sì ń pariwo pé kí wọ́n gbọ́ ohun tí adènà wí. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Wọ́n tì, àwọn tó wà níwájú ṣubú, ìyá náà lọ sílẹ̀ láàárín àwọn àga. Mo ń rí gèlè funfun orí rẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà, nítorí bí mo bá kúrò, inú ihò yẹn ni àwọn ọmọdé máa gbà lọ. Àwọn ọkùnrin gbé àkàsọ̀ wá sójú fèrèsé, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ gbogbo wa kalẹ̀. Gálárì fúnra rẹ̀ kò wó. Ikán ló ti jẹ ìdí àtẹ̀gùn tán. Ìyá Akọrin kú ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Kí wọ́n tó sin ín tán ni ọ̀rọ̀ ti ń jà káàkiri. Wọ́n ní àtẹ̀gùn ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo dí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn ọkùnrin fẹ́ gùn ún lọ gbà wọ́n sílẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní òun ti gbé ẹsẹ̀ lé e. Èkejì ní kò sí nǹkan tí ènìyàn lè gbé ẹsẹ̀ lé. Eruku pọ̀, ariwo pọ̀, ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n fídíò wà, wọ́n ní. Fídíò kì í parọ́.

Èmi àti ọkọ mi lọ kí ọmọ olóògbé nílé ìyá rẹ̀. Àwọn èrò tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń dúró dè. Kámẹ́rà ni. Ọmọ olóògbé jókòó sórí àga ìyá rẹ̀, ẹni tó bá kí i tán a tẹ̀ síwájú, a lẹ ojú mọ́ ihò, a wò ó, a mi orí, ẹlòmíràn á tẹ̀ síwájú. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń yí kásẹ́ẹ̀tì yẹn síwá sẹ́yìn, mo gbọ́ tí ó ń dún kíríkírí bí eku nínú àjà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wà níwájú wa, wọn kò rí wa.

"Ìwọ ti wò ó?"

"Mo ti wò ó, mo tún fẹ́ wò ó. Ó na ọwọ́ báyìí, bí àwòdì."

"Àwòdì wo? Bí ẹni tó ń ṣọ́ góòlù ló ṣe."

"Góòlù kò kúkú wọlé. Ìyá onílé ló lọ."

"Ẹ pa ẹnu mọ́," ni obìnrin kan sọ, "òun nìyẹn lẹ́yìn yín."

Wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ fún wa bí ẹni yà fún ẹni tó wá sin gbèsè. Ọmọ olóògbé gbé kámẹ́rà náà sókè sí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó. Ẹ wá wo ara yín."

"Mo mọ ibi tí mo dúró sí," ni mo wí. "Mi ò nílò kí n yọjú wo ihò kí n tó mọ̀ ọ́n."

Ọkọ mi tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Nígbà tí a délé, òun ló bá mi tú gèlè mi.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà ìjọ fi ránṣẹ́ pè mí. Wọn kò bá mi jà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n lò, èyí tó burú ju ìjà lọ. Wọ́n ní kí n kàn jáde síwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, kí n kúnlẹ̀, kí n bẹ ẹbí olóògbé, ọ̀rọ̀ á tán. Bí mi ò bá ṣe é, kí n bọ́ ọ̀já adènà sílẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ," ni ọkọ mi wí, "kúnlẹ̀ fún wọn. Ìkúnlẹ̀ kì í jẹ orúnkún."

"Kì í ṣe orúnkún mi ni mò ń rò."

"Kí lò ń rò? Ṣé àwa la máa bá gbogbo ìlú jà? Àwọn ọmọ wa ń lọ sílé ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn."

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, nǹkan á tún ṣẹlẹ̀ níbì kan. Ẹnìkan á dúró sẹ́nu ọ̀nà kan. Bí mo bá kúnlẹ̀, ẹni yẹn á rántí pé adènà tó na ọwọ́ ni wọ́n mú kúnlẹ̀ níwájú ìjọ. Ó máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wọn."

Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni ọkọ mi, ẹni tí kì í fẹ́ kí wàhálà mọ ilé rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́."

Wọ́n pe ìgbìmọ̀ sí yàrá ìpàdé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá Ìjọ ló ń darí. Àgbà ni, ìgò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ife. Ọmọ olóògbé gbé kámẹ́rà sórí tábìlì. Ó ní bátìrì tó wà nínú rẹ̀ kò lágbára púpọ̀ mọ́, nítorí iná kò dúró láti àná, nítorí náà kí wọ́n tètè wò ó.

Ẹni tó bá mọ àṣà wa yóò mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún. Bàbá Ìjọ. Kò lè lẹ ojú mọ́ ihò náà láìbọ́ ìgò, bí ó bá sì bọ́ ìgò, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bọ́ ìgò. Ó kọ̀ láti tẹ orí ba. Ó ní òun kò yọjú wo ihò kọ́kọ́rọ́ rí láti kékeré, òun kò ní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó. Wọ́n gbé kámẹ́rà sókè bá a, ọwọ́ ẹni tó gbé e ń gbọ̀n. Ó wò ó, ó tún wò ó, kásẹ́ẹ̀tì ń yí, bátìrì ń tán. Níkẹyìn ó mí kanlẹ̀.

"Mo rí i. Ó na ọwọ́. Ó dí wọn lọ́nà."

Ó parí nìyẹn. Bàbá ti rí i. Wọ́n gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ orí, ó wò ó, ó ní bí Bàbá ti wí ló rí. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní bí Bàbá ti wí ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e káàkiri tábìlì, láti orí ewú dé orí dúdú, tí ọ̀rọ̀ kan náà sì ń bá a lọ. Ta ni yóò ní òun kò rí ohun tí àgbà rí? Mo jókòó sórí àga nítòsí ilẹ̀kùn, mò ń wo bí àwòrán kan tó kéré ju èékánná lọ ṣe ń sọ mí di apànìyàn lọ́wọ́ àwọn tí kò rí i.

Ẹni tó kẹ́yìn ni akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ayépé. Òun ló kéré jù níbẹ̀. Ó lẹ ojú mọ́ ihò náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ìmọ́lẹ̀ inú ihò náà ti ń ṣẹ́jú bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán, ó sì ń tàn sí ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Olùkọ́," ni Bàbá Ìjọ wí, "ṣé o rí i?"

Ó gbé ojú kúrò. Ó wò mí. "Bí ẹ ti wí ni, sà."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fi ọwọ́ kan mú ẹ̀yìn àga.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti wò ó. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Kí la fẹ́ gbọ́? Àwòrán ni."

"Mo pariwo níbẹ̀, sà. Ìyá náà pariwo. Gbogbo yín rí ọwọ́ mi. Ta ló rí ẹnu mi?"

"Ẹnu kẹ̀?" ni Bàbá Ìjọ fi ìbínú dáhùn. "Orí rẹ gan-an kò ju orí ìṣáná lọ níbẹ̀!"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó.

"Bí orí mi kò bá ju orí ìṣáná lọ, sà, báwo ni ẹ ṣe rí ìwà ìkà nínú rẹ̀?"

Ìyá Ìjọ, tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, ní, "Obìnrin yìí, o kò ní ìtẹríba." Mo ní, "Mo ní i, mà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan péré sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù nínú yín sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kó sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ yí ayé padà ni? Kí ọmọdé ṣáájú àgbà?"

"Ojú ọmọdé ló dára jù nínú yàrá yìí, sà. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde. Bóyá wọn ì bá lé mi ní tòótọ́, ṣùgbọ́n akọ̀wé náà ti dìde. Ó di gègé ìkọ̀wé rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Mi ò rí àtẹ̀gùn kankan, sà. Ibẹ̀ dúdú. Mo rí òjìji kan nínú ilẹ̀kùn tó na ọwọ́." Ó na ìka sí kámẹ́rà. "Mo sì rí òjìji kejì níwájú rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí ti àkọ́kọ́. Òun náà na ọwọ́."

"Òjìji kejì?" Ọmọ olóògbé ló sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó gbójú sókè.

A wá mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ kò tíì wo ibẹ̀ délẹ̀ rí. Ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń kọrin ló ń wò láràárọ̀, ó ń wá ojú ìyá rẹ̀ nínú eérú yẹn. Bí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀, á gbé kámẹ́rà fún ẹlòmíràn.

"Ìyá yín ni," ni mo wí. "Mo ti sọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ mi. Òun ló bá mi dá wọn dúró."

"Nǹkan tí wọ́n ń kì bọ etí láti gbọ́ ohùn kámẹ́rà ti sọnù lọ́jọ́ ìkórè," ni ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé ní ọkùnrin kan wà nítòsí tó ń yá ènìyàn ní fíìmù, ó ní ẹ̀rọ, ó ní tẹlifíṣọ̀n, ó sì ní jẹnẹrétọ̀. Ọmọ olóògbé mi orí. Ó ní wáyà wà nínú báàgì òun, ṣùgbọ́n kámẹ́rà Amẹ́ríkà kò bá tẹlifíṣọ̀n tiwa mu, àwọ̀ kò ní sí, àwòrán á sì máa yí.

"Ẹ jẹ́ kó máa yí," ni mo wí. "Ohùn kì í yí."

Bí a ṣe tò lọ sí ìsọ̀ fídíò ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi nìyẹn, Bàbá Ìjọ níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, èmi lẹ́yìn pátápátá. Àwọn tó wá yá fíìmù rò pé ìjọ wa wá lé ẹ̀mí èṣù jáde. Onísọ̀ náà so kámẹ́rà mọ́ iná jẹnẹrétọ̀, ó ki wáyà bọ inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó tan tẹlifíṣọ̀n. Òótọ́ ni ọmọ olóògbé sọ. Àwòrán ń ṣàn láti òkè bọ̀ wálẹ̀ láìdúró, bí òwú tó ń tú kúrò lára igi rẹ̀. Onísọ̀ náà ki ọwọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó yí nǹkan kan díẹ̀díẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ewúrẹ́ lójú: "Dúró, dúró fún mi, máa rọra." Ó dúró. Ó ń gbọ̀n, òjò funfun ń rọ̀ nínú rẹ̀, ilà kan gé e ní ìsàlẹ̀, ojú kò sì mọ́ lára ẹnikẹ́ni. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùwòran. Ní ti àwòrán, mo lè sọ pé ó tóbi ju ti inú ihò lọ, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n orin jáde. Ó kún ìsọ̀ náà dé òrùlé. Mo mọ ohun tó ń bọ̀, mo fẹ́ sá jáde. Mo ti rí ilẹ̀kùn, ó ṣí sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó dí i. Mo di etí tábìlì mú, mo dijú.

Igi ké. Ẹnìkan pariwo. Lẹ́yìn náà, gbìràmù. Gbogbo wọn gbọ́ ọ, pákó ń wó lórí pákó, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá ni ohùn mi tó dé. Mi ò mọ̀ ọ́n fún ohùn mi. Ó rí bí ohùn ẹni tí wọ́n ń pa. "Ẹ má wá o! Àtẹ̀gùn ti lọ!"

Ohùn mìíràn tẹ̀ lé e, ohùn tó ti gbó, tí kò tíì ya: "Ẹ padà! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí adènà wí! Ẹ padà!"

Nígbà tí mo lajú, ọmọ olóògbé ti dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú tẹlifíṣọ̀n náà bí ẹni fi lé èjìká ènìyàn. Onísọ̀ fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ọmọ olóògbé ní, "Rárá. Ẹ dá a padà. Díẹ̀ péré." Wọ́n dá a padà. Ó tẹ́tí sí i. Ó yíjú sí mi.

"Àǹtí, ó gbọ́ yín."

"Ó gbọ́ mi," ni mo wí.

Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Bàbá Ìjọ fi ìgò rẹ̀ sójú padà, ó fa ọ̀fun, ó ní ó ti yé gbogbo àwọn, Ọlọ́run ti fi òótọ́ hàn. Ó ní ṣùgbọ́n kí ọkàn ìjọ lè balẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní a fi ojú kéré ọ̀fọ̀, kí n ṣáà jáde lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí n kúnlẹ̀ díẹ̀, kí àwọn gbàdúrà lé mi lórí.

"Bàbá," ni mo wí, "mo bọ̀wọ̀ fún yín. Bí mo bá wá sílé yín láràárọ̀, màá kúnlẹ̀ kí yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀ nítorí ohun tí mo ṣe lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnìkan kúnlẹ̀, ẹ wá ẹni tó yẹ kó wo ìdí àtẹ̀gùn tí kò wò ó."

"Obìnrin yìí le o!" ni Ìyá Ìjọ wí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mà," ni ọmọ olóògbé wí. "Èmi ni mo ni òkú. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó kúnlẹ̀ mọ́."

Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, tìmùtìmù wà níwájú pẹpẹ. Ẹni tó gbé e síbẹ̀, mi ò bèèrè. Wọ́n dákẹ́ lẹ́yìn ìkéde, wọ́n ń dúró. Mo so ọ̀já adènà mọ́ èjìká mi tó dára, mo jókòó sáàyè mi, mo wo tìmùtìmù náà títí wọ́n fi kọ orin mìíràn.

Ọmọ olóògbé padà sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀. Bóyá kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì ń ṣiṣẹ́, bóyá ó ti bàjẹ́, mi ò mọ̀. Àwọn kan ṣì ń pè mí ní Àwòdì lẹ́yìn, àwọn tí kò wá sí ìsọ̀ fídíò, tí ihò kámẹ́rà nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ní ohun tí ojú àwọn rí ni àwọn rí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí. Mo ti rí i pé ènìyàn lè lẹ ojú mọ́ nǹkan títí rọ́bà yóò fi sàmì sí i lójú, kó má sì rí i.

Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn tuntun. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí síbẹ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo máa ń fi ọwọ́ ra ògiri gùn ún, mo máa ń fi gìgísẹ̀ lu ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń tẹ́tí sí i. Àwọn ọmọdé akọrin ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọn a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a lu ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá lára mi. Mi ò bá wọn wí.

Ní ọdún tó kọjá, Bàbá Ìjọ fẹ́ wá wo òrùlé gálárì. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń kan sìmẹ́ǹtì wò. Ó dúró. Ó gbójú sókè sí ibi tí kò lè rí.

"Adènà, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, sà."

"Ṣé kí n máa bọ̀?"

Mo lu gìgísẹ̀ mi mọ́ ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, mo gbọ́ ọ bí ó ti dún. Òun náà gbọ́ ọ.

"Ẹ máa bọ̀, sà," ni mo wí, mo sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè ráyè kọjá.